Àga sẹ́nétọ̀ Àríwá Èkìtì kì í gbóná mọ́ ẹnì kankan nídìí

Ẹ jẹ́ ká ka orúkọ wọn bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ayọ̀ Arise, 2007 sí 2011. Olúbùnmi Adétúnmbí, 2011 sí 2015. Dúró Fáṣèyí, 2015 sí 2019. Adétúnmbí lẹ́ẹ̀kan sí i, 2019 sí 2023. Cyril Fásuyì, láti 2023.

Ṣé ẹ rí i? Láti 2007 di 2023, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko, kò sí ẹni tó lo sáà méjì tẹ̀léra lórí àga sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Ọ̀sì, Mọ̀bà àti Ìléjeméje. Adétúnmbí nìkan ló rí ọ̀nà padà, òun náà sì kọ́kọ́ jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá bi àwọn èèyàn ní gáréèjì pé kí ló ń fà á, ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Wọn ò ṣe dáadáa ni." Ẹnì kejì á ní ó ti kan ìlú tiwọn, àwọn tọ̀hún ti jẹ tó. Mo ti gbọ́ méjèèjì títí ó fi sú mi. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú wọn, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adétúnmbí ní 2015 dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìfàkì ni Adétúnmbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì. Lábẹ́ àsíá ACN ló ti gba àga náà lọ́wọ́ Arise ti ẹgbẹ́ PDP ní 2011. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, ó tún jáde, APC ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015 ni ìbò wáyé. Fáṣèyí ti PDP fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀.

Kò ṣubú nìkan ṣá o. Lọ́jọ́ yẹn, àga sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkìtì ní, PDP kó o. Àga aṣojú-ṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, PDP kó o. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wáyé, àga mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, PDP gbé gbogbo rẹ̀, wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ṣé a wá lè sọ pé kò sí ẹyọ olóṣèlú APC kan ní gbogbo Èkìtì tó ṣe dáadáa? Kí gbogbo wọn burú lọ́jọ́ kan náà, bí ẹni tí àrùn kan náà kọ lù?

Ohun tó tún mú un yani lẹ́nu ni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Mùhámmádù Bùhárí wọlé ààrẹ. Gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó kù ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló dìbò fún un. Èkìtì nìkan ló yà: Jonathan ní 176,466, Bùhárí ní 120,331. Ẹgbẹ́ Adétúnmbí wá di ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba l'Ábújá, wọ́n sì tún pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà. Bó bá wọlé ni, inú ilé tó gbóná ni ì bá bá wọn jókòó. Fáṣèyí tó wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn alátakò ló lọ jókòó sí.

Ká tó lè mọ ohun tó lé Adétúnmbí kúrò, a ní láti padà sẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, sí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2014. Ọjọ́ yẹn ni Ayọ̀délé Fáyóṣe na Káyọ̀dé Fáyẹmí nínú ìbò gómìnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní Èkìtì láìku ọ̀kan. Ìṣan, ìlú Fáyẹmí, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ló wà. Ọ̀yẹ́ náà lọ. Ẹ ò ní gbàgbé ohun táwọn èèyàn ń bínú sí nígbà yẹn: ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe fáwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí inú ń bí, àti ariwo pé gómìnà gbọ́ òyìnbó ju ebi ará ìlú lọ. Fáyóṣe wá dé pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí stomach infrastructure. Kérésìmesì ọdún yẹn, ìrẹsì àti adìẹ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò bá tíì rí ìyá arúgbó tó gbé adìẹ ìjọba délé lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter, ṣùgbọ́n ìyá yẹn máa ń rántí.

Kí ló wá kan Adétúnmbí nínú ìdánwò olùkọ́? Kò kàn án rárá. Ilé aṣòfin àgbà kì í gba tíṣà síṣẹ́, kì í sì í lé tíṣà. Àmọ́ ìbínú tí wọ́n fi lé gómìnà lọ kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí tiẹ̀ dé.

Ẹ wá fi ìwọ̀n yìí wọn ìbò tó kù. Ní 2007, PDP ni Ṣẹ́gun Òní tó gorí àga gómìnà, PDP náà ni Arise. Oṣù kẹwàá 2010, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yọ Òní, wọ́n gbé Fáyẹmí ti ACN wọlé. Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ìgbà náà, ACN kó àga sẹ́nétọ̀. 2014 Fáyóṣe, 2015 Fáṣèyí. Ọjọ́ 14 oṣù keje 2018, Fáyẹmí padà dé. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Adétúnmbí na Fáṣèyí, ó gba àga rẹ̀ padà. 2022 Oyèbánjí ti APC, 2023 Fásuyì ti APC. Ti aṣojú-ṣòfin Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ náà ò yàtọ̀: Bímbọ̀ Dáramọ́lá ti ACN ní 2011, Thaddeus Aina ti PDP ní 2015, Peter Owólabí ti APC ní 2019, Akin Rótìmí ti APC ní 2023. Ìgbà mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Ìbò gómìnà Èkìtì kì í bá ti ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù rìn. Ó máa ń ṣáájú ìbò gbogboogbò pẹ̀lú oṣù méje, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Nígbà tí ti Abújá bá fi máa dé, gómìnà tuntun ti wà ńlẹ̀, àwọn alága káńsù àti olórí wọ́ọ̀dù ti mọ ibi tí oúnjẹ wà, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi ti tú ká. Ẹni tó ń du àga sẹ́nétọ̀ kàn ń gbé pósítà kiri ni. Wọ́n ti dìbò tiẹ̀ kó tó jáde.

Ìṣubú rẹ̀ kejì tiẹ̀ tún dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 2022, kò sí PDP kankan níbẹ̀. Gómìnà tó wà lórí àlééfà, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì APC fún Àríwá Èkìtì kò padà sọ́wọ́ Adétúnmbí. Fásuyì ni wọ́n gbé e fún. Inú yàrá ni wọ́n ti parí ẹ̀, àwa ará ìta kàn gbọ́ èsì.

Ẹ̀rín wà nínú ìyẹn náà, bó bá ṣe pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀rín kíkorò. Òfin ìdìbò tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2022, àwọn aṣòfin fúnra wọn ló kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n wá rí i pé kò sí àyè níbẹ̀ fún àwọn tí ipò tí wọ́n wà ń sọ di dẹ́lígéètì nínú ìbò abẹ́lé, ìyẹn àwọn sẹ́nétọ̀, aṣojú-ṣòfin, alága káńsù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sáré tún un ṣe lóṣù karùn-ún. Bùhárí ò fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé sẹ́nétọ̀ tó wà lórí àga kò lè dìbò fún ara rẹ̀ nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Dẹ́lígéètì tí ẹgbẹ́ yàn ní wọ́ọ̀dù nìkan ló láṣẹ, ẹni tó bá sì ní wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ló ní dẹ́lígéètì. Aṣòfin púpọ̀ káàkiri Nàìjíríà ló bá a lọ lọ́dún yẹn.

Owó ńkọ́? Fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀ ní APC lọ́dún 2022, mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà. Ti aṣojú-ṣòfin, mílíọ̀nù mẹ́wàá. Òfin ìgbà náà sì gbà kí olùdíje sẹ́nétọ̀ ná tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lórí ìpolongo. Òfin kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lè lọ ṣe aṣojú-ṣòfin. A dúpẹ́ o. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n wo ní Ìtàpá tàbí Ayédùn ló ní mílíọ̀nù mẹ́wàá tó máa fi ra bébà?

Àwọn kan á sọ pé kí ló kàn wá, ẹni tó lọ lọ, ẹni tó dé dé, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Èmi ò gbà. Nílé aṣòfin àgbà, ẹni tó bá ti pẹ́ ńbẹ̀ ni wọ́n ń kà sí. Òfin ilé fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn tó ti ṣe sáà rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò fún ipò ńlá. Ẹ wo David Mark, láti 1999 títí di 2019 làwọn èèyàn rẹ̀ ní gúúsù Benue fi ń dá a padà, ó sì fi ọdún mẹ́jọ nínú rẹ̀ ṣe olórí ilé. Ká má tiẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́yẹmí Bámidélé, ọmọ Ìyìn, Àárín Gbùngbùn Èkìtì ló ń ṣojú. Ó wọlé ní 2019, wọ́n dá a padà ní 2023, oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n fi jẹ olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé. Àríwá ńkọ́? Ọmọ tuntun la tún rán lọ, kó lọ kọ́ ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ FUOYE, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ọ̀yẹ́ nítorí iná mànàmáná tí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló kú. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè dá iná pín níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ilé aṣòfin kẹsàn-án ló tún òfin náà ṣe, ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2023. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àkóso ọjà iná ní Èkìtì bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìwé òfin yẹn tóbi ju tiransifọ́mà ogún lọ. Ṣé ẹnì kan wá bi Adétúnmbí nínú ìbò abẹ́lé pé báwo lo ṣe sọ̀rọ̀ sí i, kí lo fi kún un? Ẹ̀rọ ìlọta, máṣíìnì ìránṣọ, ọ̀kadà mélòó lo pín, ìyẹn la máa ń bi wọ́n.

Mi ò bá olóṣèlú kankan sunkún o. Ẹni tó bá sùn l'Ábújá, ẹ jẹ́ kó wá parí oorun ẹ̀ nílé. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ẹni tó sùn àti ẹni tó ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbé wọn lọ. Bí sẹ́nétọ̀ bá sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun kọ́ ló máa dá òun padà, pé gómìnà àti olórí wọ́ọ̀dù ni, ta lẹ rò pé ó máa sìn?

A lè sọ pé ará ìlú ló lágbára, kí wọ́n tú jáde. Ní 2022, orúkọ 989,224 ló wà nínú ìwé INEC fún Èkìtì. Àwọn tó dìbò gómìnà lé díẹ̀ ní 360,000. Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì, gómìnà tẹ́lẹ̀, ló ṣe ipò kejì lábẹ́ SDP, kò sì rí Ìdó-Ọ̀sì gan-an mú. Ọgọọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ́dún mẹ́rin, márùn-ún, ìlú wọn ni káàdì wọn wà: Ìbàdàn, Ṣàgámù, Àkúrẹ́. Ọjọ́ ìbò, wọ́n á ti kó ẹrù wọn lọ sílé torí wọ́n ti ti iléèwé. Ẹni tó mọ̀ jù pé iná ò sí, kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in.

Fásuyì náà ti wà nínú sáà tiẹ̀ báyìí. Ìbò gómìnà Èkìtì ló ń ṣáájú ní 2026, ti sẹ́nétọ̀ á tẹ̀lé e ní 2027. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àga náà máa gbóná mọ́ ọn nídìí, kó má wulẹ̀ wo Abújá. Adó ni kó máa wò.