Iṣẹ́ Ọnà Tó Ń Túká, Tó Tún Ń Di Odidi

Iṣẹ́ ọnà àgbékalẹ̀ kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri, kì í sì í ṣe ère tí a dá dúró sójú kan kí èèyàn máa wò ó lókèèrè. Odidi yàrá, àgbàlá tàbí ojú títì ni oníṣẹ́ ọnà máa ń sọ di iṣẹ́, tí òǹwòran yóò sì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí iná aláràbarà, ohùn, fídíò àti kọ̀ǹpútà bá wọ inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, iná á yí padà tàbí kí ohùn bẹ̀rẹ̀, ọnà orí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ọdún tí wọ́n ń ṣe fún irú ọnà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìlú Linz, lórílẹ̀-èdè Austria, Ars Electronica bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Ní Áfíríkà, Kër Thiossane, ibùdó ọnà kan ní Dakar, dá Afropixel sílẹ̀ ní 2008, Chale Wote gba àwọn òpópónà Accra ní 2011, Fak'ugesi sì bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg ní 2014.

Ìṣòro kan náà ló ń bá gbogbo wọn fínra. Ọdún kì í sábà ju ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ owó ńlá àti wàhálà ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbé àgbékalẹ̀ kan dìde. Bí ọdún bá ti parí báyìí, onígbọ̀ngàn á máa béèrè gbọ̀ngàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ìṣó kàn á ya, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ á fọ́, pákó á di igi ìdáná, irin á sì di ti àwọn tó ń ra àlòkù. Àgbékalẹ̀ tí a lè tún lò ni èyí tí a ṣe lọ́nà tí yóò fi lè túká láìfarapa, tí yóò wọ ọkọ̀, tí yóò ríbi sùn, tí yóò sì tún dìde ní ìlú mìíràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a mú pẹ́ńsù láti ya àwòrán rẹ̀ la ti ń pinnu èyí.

Àwọn tó ti la ọ̀nà

Nílẹ̀ Yorùbá àti láyìíká rẹ̀, àpẹẹrẹ kò jìnnà. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní 1962, ṣe àgbékalẹ̀ kan tó pè ní La Bouche du Roi láàárín 1997 sí 2005. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù 304 ló gé, tó sọ di ìbòjú, irú kẹ́ẹ̀gì tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń kó epo láti Nàìjíríà wọ Benin. Ó tò wọ́n sílẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ọkọ̀ ẹrú Brookes tí wọ́n tẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1789. Ohùn ń ti ibẹ̀ jáde, fídíò wà níbẹ̀, òórùn tábà àti àwọn èròjà amọ́bẹ̀-ta-sánsán sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. British Museum rà á ní 2007, ọdún tó pé igba ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Láti Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ náà rin ìrìn àjò dé Hull, Liverpool, Bristol àti Newcastle. Ohun tó mú kí ìyẹn ṣeé ṣe ni pé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Kò sí èyí tí wọ́n jó mọ́ òmíràn. Àwòrán ìtò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tí wọ́n á sì tún un tò sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn tuntun.

Ọ̀nà ti El Anatsui yàtọ̀. Ọmọ Gánà ni, ṣùgbọ́n Nsukka ní Nàìjíríà ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti 1975. Ìdérí ìgò ọtí ló ń lù pẹlẹbẹ, tó sì ń fi wáyà bàbà so pọ̀ títí yóò fi gbòòrò bí aṣọ. Iṣẹ́ tó lè bo ògiri ilé ńlá ṣeé ká bí aṣọ òkè, kí ó sì wọ inú àpótí. Anatsui kì í fi dandan lé e pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbà fi kọ́. Àwọn tó bá ń gbé e kọ́ lè dá ìṣẹ́po rẹ̀ bó ṣe bá ibẹ̀ mu. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan náà lè ní ìrísí tuntun ní gbogbo ibi tó bá dé.

Ohùn ni ti Emeka Ogboh, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà. Ní 2015, ó gbé iṣẹ́ kan lọ sí Venice tó pè ní The Song of the Germans. Akọrin mẹ́wàá láti Áfíríkà tí wọ́n ń gbé ní Berlin ló kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè abínibí wọn, Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Sípíkà mẹ́wàá ló ń gbé ohùn mẹ́wàá jáde. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an ṣeé kó sínú fláàṣì kan. Sípíkà wà ní gbogbo ìlú, èèyàn lè yá a.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló jáde nínú èyí: kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kí iṣẹ́ gba ìrísí tí ibùdó bá fún un, kí a sì ya ohun tó ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbé e dúró.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́

Kí ọ̀rọ̀ lè yé, ká mú un pé àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà kan ní Ìjàpọ̀ Estate, Àkúrẹ́, fẹ́ ṣe àgbékalẹ̀ oníná kan. Wọ́n fẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde ní The Dome tàbí Adegbemile Cultural Centre ní Àkúrẹ́, kí ó dé ìlú Oǹdó lásìkò ọdún Ẹkímọgún, kí ó sì tún dé Èkó. Inú ọgbà ilé kan ní Ìjàpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì lásán ni yóò sì gbé e.

Ohun méjì ló ń pàṣẹ ìwọ̀n: ẹnu ọ̀nà àti ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. Plywood tí wọ́n ń tà lọ́jà sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Bí a bá gé e sí ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, odidi kan á di ojú mẹ́jọ, kò ní sí àjẹkù tí a máa dà nù. Ẹsẹ̀ bàtà méjì yìí ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n gbogbo iṣẹ́ náà.

Ká ní àpótí méjìlá ni wọ́n fẹ́ ṣe, tí iná wà nínú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀yìn jẹ́ plywood, iwájú jẹ́ aṣọ funfun tí iná yóò máa là kọjá. Ojú márùn-ún lọ́nà méjìlá jẹ́ 60. Plywood mẹ́jọ á fún wọn ní 64, mẹ́rin tó ṣẹ́kù á sì jẹ́ àfirọ́pò fún èyí tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Káfíńtà á gé díẹ̀ kúrò létí àwọn kan kí wọ́n lè wọnú ara wọn.

Àpótí méjìlá yìí lè di ògiri tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tó ga ní mẹ́fà. Wọ́n lè tò ó ní ìlà kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Wọ́n sì lè sọ ọ́ di ẹnu ibodè: mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, mẹ́rin lókè, tí irin á gba abẹ́ àwọn méjì àárín tí kò ní òpó lábẹ́. Gbọ̀ngàn tí àjà rẹ̀ kò ga á gba ògiri, pápá gbalasa á gba ibodè.

Ìsopọ̀ ni ọkàn iṣẹ́

Ibi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé ni iṣẹ́ ti ń pẹ́ tàbí ti ń bàjẹ́. Ìṣó àti gọ́ọ̀mù kò yẹ níbẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ tú wọn á fọ́ pákó. Sikúrúù dára díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n bí a bá tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ihò rẹ̀ á fẹjú, kò ní dì mú mọ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló ń tọ́jọ́. Bóòtù oní-mìlímítà mẹ́fà, èyí tí sípánà 10 ń tú, tó fún irú iṣẹ́ yìí. Kí nọ́ọ̀tì má baà máa sọnù, a lè kàn án mọ́ inú pákó, tí yóò fi jẹ́ pé ẹnì kan á dá dúró di bóòtù náà láìsí ẹni tó ń dì í mú lẹ́yìn. Bóòtù kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ tó ń béèrè oríṣi sípánà mẹ́rin á há lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá sọnù, bẹ́ẹ̀ kò sí mẹkáníìkì tí kò ní sípánà 10.

Bí plywood náà bá nípọn tó ìdajì ínṣì, ojú 60 tí a tú sílẹ̀, tí a tò léra, kò ga ju 30 ínṣì lọ. A lè dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sí ìdì mẹ́fà, kí ìdì kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi 25 kílò, èyí tí ẹnì kan lè gbé. Ohun tó ga bí ibodè nígbà ọdún á wá wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àyè fún èèyàn.

Iná, bátìrì àti ọpọlọ ẹ̀rọ

Iná LED oníbẹ́líìtì tó ń yí àwọ̀ padà ló wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ báyìí. Èyí tí gílóòbù kéékèèké 60 wà nínú mítà kan rẹ̀ lè jẹ wáàtì 18 bí ó bá tàn funfun pátápátá. Mítà kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, lọ́nà méjìlá, jẹ́ wáàtì 216. Bátìrì fóòtì 12 oní-200 Ah (áńpíà-wákàtí) tí wọ́n ń lò fún ìnfátà ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò fẹ́ kí a fà ju ìdajì lọ. Ìdajì náà, 1,200, á gbé iná yìí fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, bó ṣe sábà máa ń tó ní alẹ́, á lé ní wákàtí 15. A ó yọ díẹ̀ kúrò nínú ìṣirò yìí fún èyí tí wáyà ń jẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò ní máa wojú NẸ́PÀ, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì ní bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fóòtì kékeré tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò. Ọmọdé á fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, òjò lè fẹ́ sí i. Fóòtì 5 tàbí 12 kò lè gbé èèyàn bí iná ilé oní-230 ṣe lè gbé e. Iná ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí bátìrì àti ṣájà wà, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí èrò. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì gùn, máa ń mú kí iná tó wà ní ìparí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dípò kí ó funfun. Wáyà tó nípọn, tí a fún níná láti orí méjèèjì, ló ń wò ó.

Kọ̀ǹpútà pọ́ńbélé kò pọn dandan. Arduino, tí wọ́n ṣe ní Ivrea ní Ítálì ní 2005, lè darí iná àti ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé èèyàn sún mọ́tòsí. Raspberry Pi, tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, lè gbé fídíò àti ohùn. Ọ̀tá rẹ̀ ni iná tó bá lọ lójijì, torí ìyẹn lè ba ohun tó wà lórí mẹ́mórì káàdì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mẹ́mórì káàdì kejì, tí ohun gbogbo ti wà lórí rẹ̀, kì í fi í wọ́n nínú àpò ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó dára ju èyí tí a máa dúró dè láti òkè òkun, torí ọjọ́ ọdún kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Projector ní tirẹ̀ kò bá oòrùn jà. Èyí tó mọ́lẹ̀ kedere nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn kò ní hàn rárá ní pápá lọ́sàn-án. Iṣẹ́ tí yóò máa rìn láti gbọ̀ngàn dé ìta gbangba kò gbọ́dọ̀ gbára lé e nìkan.

Òjò, ọyẹ́ àti ooru

Òjò Àkúrẹ́ ń gba ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Plywood lásán á mu omi, á wú, á sì ṣí. Ọ̀dà tàbí fáníìṣì gbọ́dọ̀ dé gbogbo etí tí wọ́n gé, torí etí ni omi ń gbà wọlé. Lásìkò ọyẹ́, eruku ló ń ṣọṣẹ́, torí náà fóòmù pẹlẹbẹ á bo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú àpótí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò sì gbọ́dọ̀ há mọ́ ibi tí kò sí atẹ́gùn: bí ooru Raspberry Pi bá dé ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù, fídíò á sì máa há.

Ìwé, àpótí àti ibi ìsùn

Iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ bí a ṣe ń tò ó kò tíì di àtúnlò. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lára ojú pákó àti wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó bá a rìn gbọ́dọ̀ ní àwòrán ìtò, iye bóòtù, bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ, bí a ṣe ń pa á, àti ohun tí a ó ṣe bí iná kan bá kọ̀ tí kò tàn. Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò bá wọn ṣe é mú ìwé náà, kí ó sì tò ó láìbéèrè.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ lè máa yí padà níbi gbogbo. Ní Oǹdó, ohùn àti àwòrán Ẹkímọgún lè wọ inú rẹ̀, aṣọ iwájú sì lè di àdìrẹ. Ní Èkó, ohùn mìíràn. Pákó, bóòtù àti iná kò yí padà, fáìlì inú mẹ́mórì káàdì ló yí padà. Báyìí ni owó tí wọ́n ná lẹ́ẹ̀kan á ṣe bí iṣẹ́ púpọ̀.

Ibi ìsùn ni ọ̀pọ̀ kì í rò títí ọdún á fi parí. Àgbékalẹ̀ tó túká dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n kó sí abẹ́ òjò, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọ́. Àwọn tó ń ṣètò ọdún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ló ni ín lẹ́yìn ọdún, ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀, inú yàrá wo ni yóò sì wà. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn àṣà tó bá gbà á lè máa lò ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ iná àti kọ̀ǹpútà títí ọdún mìíràn á fi dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí, kí ó ti mọ yàrá náà kí ó tó ra plywood àkọ́kọ́.