Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Kẹ́yìn Ìpolongo ní Daagbé

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni òfin yọ̀ǹda fún ìpolongo ìbò Ààrẹ, kì í sì í ṣe àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ agbóhùnsókè ń han kiri ìgboro ni iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù, bí kò ṣe ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹni ńlá ti padà sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tí gbogbo ẹrù sì wá já lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí ẹnikẹ́ni kò sanwó oṣù fún lórí, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti alùpùpù wọ agbolé dé agbolé. Nípa irú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí a máa ń yin ẹni tó gorí oyè, a kì í sì í rántí ẹni tí bàtà rẹ̀ jẹ nítorí oyè náà.

Daagbé ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ; ó wà lára agbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí ìlú ààlà Igolo ti kọjú sí Ìdí-Ìrókò ní ìhà Nàìjíríà. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Gùn ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀, àna àti ìyekan sì ti so wọ́n pọ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìbò ní láti gbọ́ èdè méjèèjì, kí ó sì mọ ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún kí a tó la ẹnu. Iṣẹ́ oko, epo pupa àti òwò ààlà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun, oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe tí à ń dìbò sì ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, tí àgbàdo ń dúró de ilẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ ìpolongo tó bá jí pẹ́ yóò bá ọmọdé àti adìẹ nìkan nílé; ìdájí ni ó gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó tọ àwọn ìyá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe epo, kí ó kí wọn kú iṣẹ́, kí ó bá wọn gbé ìdì ẹyìn kan tàbí méjì, kí ó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìlérí tí wọ́n kọ ní èdè Faransé ní Kútọnu kò wọ etí elépo bí kò ṣe pé ọmọ ilé rẹ̀ tú u fún un sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ọjà, àti ọ̀rọ̀ ààlà, ààlà yìí tí Nàìjíríà tì pa láti oṣù Ògún 2019 títí di oṣù Igbe 2022, tó sì pa òwò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lára.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú iṣẹ́ yìí tún bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fi ń ṣàkóso, àpérò gbogbogbòò oṣù Èrèlé 1990 ló ṣí ilẹ̀kùn, nígbà tó sì di oṣù Ẹrẹ́nà 1991, Nicéphore Soglo borí Mathieu Kérékou tó wà lórí àga, Kérékou gbà, ó sì kúrò níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kérékou yìí náà ló padà wọlé ní 1996, tí àmì ọ̀gà tí ó mú di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ìwé ìdìbò pélébé lè ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe.

Ìwé pélébé yìí gan-an ni wàhálà àwọn ọjọ́ ìkẹyìn. Ní 2016, olùdíje mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àmì wọn wà lórí ìwé kan ṣoṣo! Ẹ ro bí yóò ti rí lójú ìyá arúgbó tí kò kàwé, tó wọ inú yàrá ìdìbò, tí kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó lè bá a wọ̀ ọ́. Olùyọ̀ǹda tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a mú àwòrán ìwé náà dání, a jókòó ti ìyá lórí ẹní, a sì ní kí ó fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí àmì ẹni tó wù ú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ìka kò fi ṣìnà mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ kíká: pé bí yíǹkì kò bá tíì gbẹ, tí a sì ká ìwé lódì, àmì yóò ràn mọ́ àmì olùdíje mìíràn, ìbò náà yóò sì ṣòfò. Lójú tèmi, ìdajì wákàtí tí a fi kọ́ ìyá kan ní èyí níyì ju òwúrọ̀ kan tí a fi lu ìlù ní ojú ọjà lọ.

Owó ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Òfin ìdìbò Bẹ̀nẹ̀ kọ̀ fún àwọn olùdíje láti máa pín aṣọ, tíṣáàtì, bírò àti kàlẹ́ńdà láti fi fa ojú olùdìbò mọ́ra, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, òkùnkùn alẹ́ tó ṣáájú ìbò sì ti bo ọ̀pọ̀ àpò mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń polongo láìgba kọ́bọ̀ ni ó lè wo aládùúgbò rẹ̀ lójú, kí ó sọ fún un pé kí ó má ta ọ̀pọ̀ ọdún ní owó oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n san owó fún kí ó tó wá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Bí ìbò bá máa wáyé ní ọjọ́ Àìkú, òru ọjọ́ Ẹtì ni ìpolongo ń dópin, ẹnu gbogbo a sì pa mọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ kò tíì tán. Ní aago méje òwúrọ̀ ni ibùdó ìdìbò ń ṣí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ó ń pa ilẹ̀kùn dé, a ó sì ka ìbò níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Aṣojú olùdíje ni ó gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ tòun ti ebi, kí ó kọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà ìwé èsì. Ní 2016, Lionel Zinsou ló ṣíwájú ní ìpele kìíní, Patrice Talon ló sì borí ní ìpele kejì pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá márùnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún; olùdíje méjèèjì kò lè wà ní gbogbo ibùdó, àwọn ọmọ ìlú tí a kò mọ orúkọ wọn ló jókòó ti àpótí.

Ní 2021, olùdíje mẹ́ta péré ló kù, nítorí òfin ti bèèrè pé kí àwọn aṣòfin àti àwọn olórí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí ẹni tó bá fẹ́ díje, nǹkan bí ìlàjì àwọn olùdìbò ni kò sì jáde. Mo ka èyí sí àdánù, ẹnikẹ́ni tó wù kí ó wọlé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Daagbé, Banigbé, Igolo àti gbogbo Ìfọ̀nyìn, nígbà tí ìpolongo mìíràn bá dé, ẹ yan ẹni tí ọkàn yín gbà, ẹ yọ̀ǹda ẹsẹ̀ yín fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn láìbèèrè owó, ẹ kọ́ àwọn ìyá wa bí a ti ń ká ìwé, ẹ má sì kúrò ní ibùdó ìdìbò títí wọn yóò fi fọwọ́ sí ìwé èsì.