Ta Ló Ń Ṣọ́ Ilé Àtijọ́?

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ tó rí ọ̀dà pupa lára ògiri ilé rẹ̀ kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ti dé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé wọn ò rí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ó lè jẹ́ pé ògiri ti là dé ìpìlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fẹ̀. Ará Èkó mọ àmì ìwólé bí ẹni mowó. Èyí tí a kì í sábà rí ni àmì kejì, èyí tó ń sọ fún bíríkìlà àti káfíńtà pé ilé yìí ti dàgbà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láìbèèrè.

Àjọ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi àmì kejì yẹn sílẹ̀. NCMM ni wọ́n ń pè é, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù àti àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba ológun ló fi òfin dá a sílẹ̀ ní 1979, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1943 ni ìjọba amúnisìn fi Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ṣe ẹni tí yóò máa wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà kiri tí yóò sì máa kọ wọ́n sílẹ̀. Ní 1953, òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti lè kéde pé ilé kan, igbó kan tàbí odi ìlú kan ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má sì wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ.

Ìkéde yẹn kì í gba ilé lọ́wọ́ ẹbí, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ṣì jẹ́ tiwọn. Páànù tó ń jò náà jẹ́ tiwọn. Àmọ́ wọn ò lè tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n mọ́. Ìjọba gbé àṣẹ wá, kò gbé àpò owó dání. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, ẹbí ló ń gbé korobá sábẹ́ àjà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ kankan.

Ilé tí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yìí máa ń dárúkọ ni Ilojo Bar, ní Tinúbú, lórí Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wálé), ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, orí ilẹ̀kùn rẹ̀ nísàlẹ̀ tẹ̀ roboto, wọ́n sì fi irin ṣe ọnà sí i lókè. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Ní 1956, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí wọ́n mú: ọjọ́ Àìkú, ọdún ku ọ̀la, kò sí ọ́fíìsì ìjọba tó ṣí. Àwọn kan ní ilé náà ti fẹ́ dà lé èèyàn lórí. Àjọ NCMM ní ìwólé náà lòdì sófin. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé ti lọ.

Ojúkòkòrò nìkan kọ́ ló ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀, lójú tèmi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bàbá kan kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó bí ọmọ mẹ́wàá, àwọn ọmọ náà bí tiwọn. Nígbà tó bá fi máa kan ìran kẹrin, àwọn tó ní ìpín nínú ilé kan ṣoṣo ti kún gbọ̀ngàn. Àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan wà ní Ipaja, àwọn méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Owó tí ayálégbé ń san kò tó nǹkan tí wọ́n lè pín. Ọjọ́ kan ni ẹnì kan á wá dé pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère: ẹ fún mi nílẹ̀, màá kọ́ alájà mẹ́fà, ẹ̀yin á mú mẹ́ta. Ta ni yóò kọ̀ ọ́, tí kò sí ẹlòmíràn tó mú ohunkóhun wá?

Àìmọ̀ náà tún wà níbẹ̀, ìyẹn sì ń ṣọṣẹ́ ní gbogbo ilé alámọ̀ tó kù, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé àwọn agbo ilé àtijọ́ tó há sáàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Alimosho. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Ọ̀rinrin á gòkè láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́. Nígbà tí owó bá wọlé díẹ̀, ọmọ ilé á pe bíríkìlà pé kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri bàbá òun kó lè dán. Ó á dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú amọ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó á máa jẹ ògiri náà láti inú. Bó bá ṣe díẹ̀, sìmẹ́ńtì á máa bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa dà sílẹ̀ bíi gàrí gbígbẹ, wọ́n á sì ní ilé ti gbó. Wọn ò ní mọ̀ pé àtúnṣe ló pa á. Láìmù tàbí amọ̀ tí wọ́n pò dáadáa ni ìbá bá ògiri bẹ́ẹ̀ mu. Bíríkìlà kò jẹ̀bi, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń ní lílò ni ààbò ilé, pé ilé tí èèyàn bá ń wọ̀ lójoojúmọ́ kì í kú. Mọ́sálásí méjì ní Èkó jẹ́ kí n máa ṣiyèméjì. Mọ́sálásí Shitta-Bey, ní Martins Street, ni wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀gá oníṣẹ́ láàárín àwọn Àgùdà, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool láti ṣojú Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì níbi ayẹyẹ náà, ibẹ̀ ni Mohammed Shitta, ẹni tó náwó kọ́ mọ́sálásí náà, sì ti gba oyè Bey. Mọ́sálásí náà ṣì dúró, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀, ó sì di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2013. Mọ́sálásí gbogbogbòò ìlú Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1913, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ni òun náà. Kò ṣófo rí. Èrò ló pọ̀ jù fún un, wọ́n wó o, èyí tó wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n ṣí ní 1988. Lílò gba ọ̀kan là, lílò náà ló sì wó èkejì.

Ohun tí mo rò pé kò sí nílẹ̀ nígbà náà, tí kò sì tíì pọ̀ nílẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ni ẹni àárín: ayàwòrán-ilé tó mọ ilé àtijọ́, tó lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ tàbí ẹbí kó ní, “Ẹ má wó o, ẹ má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí iwájú dúró.” Àjọ ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tà mọ bí wọ́n ṣe ń wólé. Iṣẹ́ ẹni àárín yìí ló ṣòro jù, nítorí òun ni yóò fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́ tí méjèèjì kò fi ní ba ara wọn jẹ́.

Ní 1964, àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Venice, ní Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà kan tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú rẹ̀ máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu: bí ẹ bá máa fi apá tuntun kún ilé àtijọ́, ẹ má ṣe é bíi pé àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ojú rí i pé ti àsìkò yìí ni. Mo fara mọ́ ọn. Ilé tuntun tó lẹ òpó Àgùdà oníke mọ́ iwájú ara rẹ̀ ń purọ́ ọjọ́ orí ni, a sì ti ní irú rẹ̀ tó ní Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ẹni àárín, kó lọ sí Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ló wà níbẹ̀ láti ayé amúnisìn, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n wó ilé ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ilẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ààtàn. Theo Lawson, ayàwòrán-ilé tó tún ibẹ̀ ṣe, kò kọ́ ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́tàn síbẹ̀, kò sì gbé ilé oníbúlọ́ọ̀kù kalẹ̀ bíi ti ibòmíràn. Odi tó kù dúró. Ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà di ibi tí wọ́n ń tajà, ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ di orí ìtàgé. Oṣù Kẹwàá 2010, tí Nàìjíríà pé 50 ọdún, ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó lọ mu ọtí tàbí wo eré níbẹ̀ ń tẹ ìtàn mọ́lẹ̀, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀, ní Oníkan, ni John Randle Centre wà, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí Seun Oduwole yàwòrán rẹ̀, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Òrùlé rẹ̀ ń gòkè láti ilẹ̀, àwọ̀ ògiri rẹ̀ jọ ti amọ̀, ó dojú kọ mùsíọ̀mù àgbà tó ti wà níbẹ̀ láti 1957. Odò ìwẹ̀ tí Dókítà John Randle ṣe fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928 tún padà sípò. Ilé tó rẹwà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ìrántí Randle tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wó kí ó tó ṣeé kọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ yin iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tó dára jù nínú irú èyí ní ilẹ̀ Yorùbá, inú igbó ló wà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìrántí ní 1965. Susanne Wenger, tó wá láti Austria, pẹ̀lú àwọn ọmọ Òṣogbo, kò sọ ọ́ di ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì gbé ère àti odi tuntun dìde síbẹ̀, ti ìgbà tiwọn pátápátá. Ọ̀kan lára wọn ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó wá di ọ̀gá nínú fífi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, iṣẹ́ tuntun yẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: sìmẹ́ńtì kan náà tó ń pa ògiri bàbá wa ní Alimosho ló ṣiṣẹ́ ìwòsàn ní Òṣogbo, nítorí pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló dì í mú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Liverpool wà nínú ìwé UNESCO láti 2004. Ní 2021, wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí àwọn ilé tuntun tó ń dìde létí omi rẹ̀, tó fi mọ́ pápá ìṣeré tuntun Everton. Ìlú náà yan pápá. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́bàá mi nígbà tí ìròyìn náà jáde ní wọ́n yàn dáadáa.

Níbo ni a ó ti rí àwọn ẹni àárín? Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí wa: ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ohun àjogúnbá ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀ láti 1998. Ní Èkó, àwọn aládàáni ló ń dí àlàfo. Ẹgbẹ́ Legacy 1995, tí ayàwòrán-ilé John Godwin wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló tún Jaekel House ṣe ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 ni, ó ti ń wó lọ. Ní báyìí mùsíọ̀mù kékeré wà nínú rẹ̀, àwọn ìyàwó tuntun sì ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Kò sí ilé kankan ní Abúlé Ẹ̀gbá nínú ìwé ìjọba àpapọ̀, n kò sì rò pé yóò sí láìpẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè fi èyí tó ṣe pàtàkì fún gbogbo Nàìjíríà sọ́wọ́ Abuja, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun ìrántí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà nìkan. Ní àdúgbò yìí ni páìpù epo ti bú gbàmù ní 26 oṣù Kejìlá 2006, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jóná. Àwọn agbo ilé tó ṣíwájú bíríìjì tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2017 ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òmíràn ní ibojì bàbá ńlá nínú yàrá, ìyẹn nìkan ni kò sì jẹ́ kí ẹbí tíì tà á.

Òfin orílẹ̀-èdè kan náà ló fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti fi nọ́ńbà sí ilé, kó sì gba owó-orí ilé. Òṣìṣẹ́ wọn ló ń wọ agbo ilé tí NCMM kò mọ̀ pé ó wà. Wọ́n lè fi ìlà kan kún ìwé wọn, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá wà nílé. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú LASPPPA, tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ wólé tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní Abúlé Ẹ̀gbá á kọ́kọ́ mú ayàwòrán-ilé tó mọ iṣẹ́ náà lọ wò ó kí wọ́n tó fún un láṣẹ.