Ohun Dúdú Inú Ààtàn

Ẹni tó bá gba títì LASU bọ̀ sí Ìgàndò yóò ti gbóòórùn Solous kó tó rí i. Ààtàn ìjọba ni, LAWMA, àjọ ìdọ̀tí Èkó, ló ń bójú tó o, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń ké gbàjarè nítorí èéfín àti òórùn rẹ̀. Wọn kò jayò pa. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó ń jẹrà, ìbáà ṣe ewé ẹ̀fọ́, háhá àgbàdo tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ohun dúdú kan wà tó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí ìyókù bá ti di afẹ́fẹ́ àti omi. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní humic acid.

Kò ṣòro láti rí i. Kí èèyàn bu kọ́ńpọ́ọ̀sì tó ti gbó dáadáa, kó da omi eérú lé e lórí, irú èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ dúdú ń sẹ́, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó wá sẹ́ ẹ. Omi tó jáde yóò dúdú bí kọfí. Tí wọ́n bá fi áásìdì sí i títí tó fi kan gan-an, ohun dúdú náà yóò sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ògì ṣe ń sílẹ̀, omi pípọ́n rẹ́súrẹ́sú yóò sì dúró lókè. Èyí tó sílẹ̀ ni humic acid, èyí tó wà nínú omi òkè ni fulvic acid. Franz Karl Achard ló kọ́kọ́ fi irú ọgbọ́n yìí yọ humic acid jáde ní Jámánì ní 1786, láti inú ilẹ̀ àbàtà. Ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ kábọ̀n.

Kí ni yóò ṣe fún ilẹ̀ wa? Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún. Òjò ti fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, amọ̀ tó sì kù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kaolinite, kì í lè di oúnjẹ ewéko mú dáadáa. Ẹni tó bá fọ́n ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí ẹ̀fọ́ rẹ̀ lónìí, tí òjò Okúdù sì rọ̀ lọ́la, omi ló fún lóúnjẹ. Irin tó mú ilẹ̀ náà pọ́n tún máa ń gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ra débi pé gbòǹgbò kì í rí i mu. Ibí yìí ni ohun dúdú yẹn ti wúlò. Oúnjẹ ewéko tó lè gbá mú ju ti kaolinite lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kódà ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún máa ń dì mọ́ irin, kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè ráyè jáde. Ó ń mú kí iyanrìn gba omi dúró. Àwọn olùwádìí ní Brazil tilẹ̀ rí i pé èyí tí wọ́n yọ láti inú ìgbẹ́ ekòló ń mú kí gbòǹgbò àgbàdo pẹ̀ka sí i.

Àwọn ìyá wa kò mọ kaolinite, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ààtàn ni elégédé wọn ti máa ń so jù. Eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló wà nínú ààtàn ìgbà náà. Bátìrì, tíúbù iná àti ọ̀dà ló wà nínú ti òde òní. Ọwọ́ tí ohun dúdú yìí fi ń di oúnjẹ mú náà ló fi ń di òjé mú. Lójú tèmi, kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀ dúdú ibi bíi Solous lọ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ugwu, bó ti wù kó dára lójú tó.

Omi náà ńkọ́? Tí ohun dúdú bá wọ kànga, omi á pọ́n. Ní 1974, Johannes Rook ní Netherlands fi hàn pé tí kilorín bá pàdé rẹ̀ nínú omi, ó máa ń di chloroform. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i, kó sílẹ̀, kí wọ́n tó dé orí kilorín. Kànga tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ńlá kọjá ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù o.

Inú kọ́ńpọ́ọ̀sì gidi ló yẹ ká ti wá ohun dúdú yìí, ó sì yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó kàn jókòó. Wọ́n á po ewé tútù mọ́ ohun gbígbẹ bí ìyẹ̀ pákó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Inú òkìtì náà á gbóná dé bí 60°C, á sì pa kòkòrò àrùn àti èso koríko. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tutù, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni yóò máa run. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti lo ìdọ̀tí ọjà Bódìjà àti ìgbẹ́ màlúù ibẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀ Pacesetter. Ọjà Ìkọ̀tún ní ìdọ̀tí tó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n ya ewé sọ́tọ̀ kí ọ̀rá àti bátìrì tó dà pọ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ humic acid kò mọ sí oko. Ní 2006, àwọn olùwádìí kan ní Ítálì fi hàn pé èyí tí wọ́n yọ láti inú kọ́ńpọ́ọ̀sì lè ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ, kí ohun tí omi kò lè yọ́ lè wọ inú omi. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí humic acid fúnra rẹ̀ ṣá: Johannes Lehmann àti Markus Kleber kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 2015 pé omi eérú yẹn gan-an ló ń dá ohun tí a rí sílẹ̀, pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀. Èyí kò dí ọjà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ humic acid tí àwọn tó ń ta ohun èlò oko ń tà nínú ìgò, láti ara leonardite ni, ìbátan èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ òkèèrè. Èyí tó ń ti ara háhá àgbàdo jáde kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì sábà máa ń ní náítírójìn jù ú lọ.