Bí A Ti Í Gba Ara Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Ìpáàrà

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, kí a tó fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lélẹ̀ fún wọn ní 1945. Síbẹ̀ a ṣì ń dá ojú wọn mọ̀. Irin ara ọkọ̀ kò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Kí ni ó fà á?

Omi àti afẹ́fẹ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára irin, irin a bẹ̀rẹ̀ sí dógùn-ún. Ìpáàrà a máa bó bí èèpo, kò sì lè bo irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi a tún wọlé, títí ihò yóò fi lu.

Ààbò kìíní ni ọ̀dà. Ọ̀dà dà bí aṣọ tí ó dí omi àti afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí òkúta ojú ọ̀nà bá ha á, aṣọ ti ya nìyẹn.

Ààbò kejì ni sínkì. Ní 1837, Sorel, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ríri irin bọ inú sínkì yíyọ́. Sínkì kì í ṣe aṣọ nìkan, onígbọ̀wọ́ ni. Bí a tilẹ̀ ha ọkọ̀ dé ara irin, sínkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ, irin yóò sì là. Ní 1975 ni Porsche ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí fi irin oní-sínkì ṣe ara ọkọ̀ rẹ̀, 911. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a sì kun ọ̀dà lé e.

Síbẹ̀, onígbọ̀wọ́ kì í san gbèsè títí láé. Ẹ wo àwọn páànù òrùlé Òmù-Àrán: nígbà tí sínkì ara wọn bá tán, wọ́n a pọ́n bí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, a sì pa omi mọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Nítorí náà, kí a máa fọ abẹ́ ọkọ̀, kí a sì la àwọn ihò kékeré ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, kí a ha ìpáàrà títí irin yóò fi dán, kí a tó tún un kùn. Ẹni tí ó kun ọ̀dà lé ìpáàrà di egbò láìwẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà nìkan. Abẹ́ ọkọ̀ ni ó gbé èrò ró, ibẹ̀ ni páìpù bíréèkì sì gbà kọjá. Ẹni tí ó tọ́jú ibẹ̀ tọ́jú ẹ̀mí.