Àwọn Àlejò Òru Inú Àkùrọ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú ilẹ̀ Òkè-Ògùn tán, tí koríko ọ̀dàn gbẹ, tí àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran sì ti ti iná bọ igbó láti ẹ̀bá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí títí dé ìhà Ìgbòho, ibi tí ewé tútù tún kù sí kò ju bèbè odò lọ, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dá àkùrọ̀, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, ata àti ẹ̀wà, tí wọ́n sì ń bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí ojú ènìyàn rí pé ó tutù, ojú ẹran igbó kò ṣàì rí i. Ẹran tí iná lé kúrò ní ibùba rẹ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ, odò ni yóò wá. Bí ó bá sì mu omi tán, inú àkùrọ̀ ni yóò yà sí. Ní tèmi, n kì í pe èyí ní olè jíjà, nítorí pé àwa ni a kọ́kọ́ dáná sun oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi gbogbo oṣù Ṣẹẹrẹ pọn omi kò ní gbà pẹ̀lú mi, n kò sì ní bá a jiyàn.

Bí ọ̀pọ̀ olóko bá ti rí i pé ewé bàjẹ́, àdá ni wọ́n ń nawọ́ gán, wọ́n á máa gé igi ọgbà kiri, láìbèèrè ẹni tí ó wá jẹun lóru. Àgbà àgbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi ìka tọ ojú ibi tí a ti já ewé, nítorí pé eyín ni ẹran fi ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá dán, tí ó sì dà gẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àdá tuntun ni a fi ṣá a, ọ̀yà ni. Bí ó bá fàya jákujàku, àgbọ̀nrín ni tàbí ẹtu, nítorí pé àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò ní eyín iwájú ní àgbọ̀n òkè. Ṣe ni wọ́n ń fi ẹnu fa ewé já. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ni a wú, tí irúgbìn tí a gbìn kò hù rárá, àparò ni kí olóko fura sí bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, bí ó bá sì jẹ́ òru, òkété ni, oníhò abẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ń di irúgbìn sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé láìyà níbì kan.

Àgbọ̀nrín ni arẹwà inú wọn: abara-pupa-rẹ́súrẹ́sú, tí funfun tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìlà àti ní tótòtó, tí akọ rẹ̀ nìkan ń hu ìwo, ìwo náà sì lọ́. Kì í kó ẹgbẹ́ rìn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jáde, pẹ̀lú ìrìn jẹ́jẹ́, etí rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí ẹ̀rù bá bà á lójijì, gbígbó ni ó ń gbó, tí àjèjì yóò fi ṣebí ajá ọdẹ ni. Kì í wá láti run oko. Ọ̀mùnú ewé ẹ̀wà àti ti ilá ni ó ń ṣà jẹ, yóò fẹnu kan èyí, yóò kọjá sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mùnú tí ó ṣà yìí gan-an sì ni ọjà olóko. Bí a bá fi ọgbà kúkurú dí i, yóò fò ó. Bí a bá fi ọgbà gíga dí i, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, yóò gba abẹ́ wọlé, ẹtu tí kò ga tó o yóò sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ fi dára ju bí ojú ti rí i lọ. Imọ̀ kò lágbára, ọmọdé lè tì í ya, ṣùgbọ́n bí a bá hun ún mọ́ igi kí ó ki láti ilẹ̀ títí kọjá orí ènìyàn, ẹran kò ní rí ohun tí ó wà ní òdìkejì, kò sì rọrùn fún un láti fò sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ti ọ̀yà yàtọ̀ pátápátá. Kì í fò, kì í gun igi, eyín rẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀, eyín iwájú gbàgbàrà tí àwọ̀ wọn pọ́n, tí ó fi ń gé ìtì àgbàdo, ìrèké àti igi ẹ̀gẹ́. Ohun tí ó ń bí olóko nínú jù ni pé ohun tí ọ̀yà ń gé lulẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó ń gbé mì lọ. Yóò dá ìtì kan, yóò jẹ díẹ̀ níbẹ̀, yóò fi ìyókù sílẹ̀, yóò tún ṣí sí èkejì. Imọ̀ tí ó dá àgbọ̀nrín dúró kò tó nǹkan lójú eyín yìí. Páànù ni ó ń ran olóko lọ́wọ́, páànù àlòkù tí a rì mọ́lẹ̀ yí oko ká. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ná olóko ju òógùn lọ ni pé kí ó ro etí oko mọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé inú koríko ni ọ̀yà ń gbà rìn, ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù gbangba ilẹ̀ sì máa ń bà á gidigidi. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn tí ó fẹ́ràn ọbẹ̀ ń dẹ pańpẹ́ sí. Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn; ṣùgbọ́n pańpẹ́ ojú ọ̀nà ọ̀yà kì í sábà pa olówó rẹ̀ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ sì ti yí padà nísinsìnyí: àwọn kan ń sin ín nínú ilé, wọ́n ń lọ gé eèsún fún un lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi nǹkan bí oṣù márùn-ún retí kí abo rẹ̀ bímọ.

Ní ti ẹyẹ, ariwo ni oògùn wọn. Àwọn kan a na téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì láti òpó dé òpó, afẹ́fẹ́ a sì máa lù ú kí ó máa hó, orin tí ó wà lára rẹ̀ ìbáà jẹ́ wákà tàbí jùjú. Ààlè tí a so pẹ̀lú àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín, ènìyàn ni ó ń dẹ́rù bà. Ọ̀bọ kò mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí mo kórìíra ni ti àwọn tí ń fi oògùn apakòkòrò po oúnjẹ sí etí oko, nítorí pé ẹran tí ó jẹ ẹ́ kú síbẹ̀ lè di ẹran inú ìkòkò ẹlòmíràn. Ní ti àwọn tí oko wọn súnmọ́ ọgbà ẹranko ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ìbọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé òfin kò gba ọdẹ láàyè nínú rẹ̀. Ọgbà àti àìsùn ni ó kù fún wọn: abà láàárín oko, iná tí ń rú èéfín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àti ajá tí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹran igbó ni wọ́n, wọn kò ní olówó. Ẹran tí ń yọ obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ́nu jù ni ewúrẹ́ aládùúgbò, tí ó ń wọlé lójú ọ̀sán gangan, tí a kò sì gbọdọ̀ pa. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá dé iwájú baálẹ̀, ẹléwúrẹ́ a ní ọgbà ni kò ki, ẹlẹ́fọ̀ọ́ a ní ewúrẹ́ ni kò gba ẹ̀kọ́, tọ̀tún tòsì a sì jàre díẹ̀díẹ̀. Igi lápálápá ni ó ń parí irú ìjà báyìí. A ó gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó rì í mọ́lẹ̀ kí ó súnmọ́ra dé ibi tí orí ọmọ ewúrẹ́ kò fi lè kọjá, a ó sì fi ọparun lílà dì í pọ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò. Ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀, májèlé ni. Ewúrẹ́ tí ó bá sì tún rí ibi gbà, kí olówó rẹ̀ fi igi mẹ́ta so àjàgà sí i lọ́rùn, kí ó máa há sẹ́nu ọgbà.