Kí A Tó Da Májèlé Sílẹ̀ Nítorí Àrùn Ọ̀gbìn



Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Kabba àti ilẹ̀ Òkun ló ń gbin tòmátì, ẹ̀wà àti ẹ̀pà sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà mìíràn, ohun tí a gbìn á kàn rọ lójijì. Bí a bá fà á tu, a ó rí i pé ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ohun funfun bí òwú sì ti bò ó. Sclerotium rolfsii ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń fa àrùn yìí. Ìyekan ohun tí ń mú búrẹ́dì bu ni, inú ilẹ̀ ló sì ń gbé. Ásíìdì kan, oxalic acid, ló fi ń jẹ ìdí ọ̀gbìn kí ó tó wọlé.

Àmọ́ ásíìdì mìíràn wà tó lè pa òun náà. Ẹ wo ògì: bakitéríà ló ń sọ omi rẹ̀ di omíkan. Bakitéríà inú ilẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá rí afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Japan àti Netherlands lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n po èérí àlìkámà tàbí koríko tútù mọ́ ilẹ̀, wọ́n bomi rin ín yó, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó pinpin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Acetic acid, tí í mú fínígà kan, jáde nínú rẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ àrùn.

Methyl bromide, afẹ́fẹ́ olóró, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ òkè òkun ń lò tẹ́lẹ̀. Àdéhùn Montreal fi òpin sí i: ọdún 2005 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, 2015 fún àwọn bíi tiwa.

A lè dán an wò lórí ebè kékeré kan, pẹ̀lú èérí àgbàdo, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣí ọ̀rá náà, kí a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ilẹ̀ títí òórùn kíkan yóò fi lọ, kí a tó gbìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ásíìdì bátìrì sílẹ̀. Yóò ba ilẹ̀ àti kànga jẹ́. Kí a sun ọ̀gbìn tó ti ṣàìsàn, kí a fi àgbàdo rọ́pò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí a sì fọ ọwọ́ wa. Bí a bá sì ra oògùn oko, kí a má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu tí ọmọdé lè gbé sẹ́nu.

Àmánà ni ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa. Àmín.